Ìpàdé Márùn-ún Lórí Ẹ́ńjìnnì Kan

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìpínlẹ̀ Èkìtì náà ṣì kéré bíi tèmi, mo ní mọ́tò kan díẹ̀ báyìí kù kó jẹ́ tèmi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Mo mọ̀ pé mo ti pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, mo sì ti wà ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n nílé olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ọmọ tí kò bá tíì gbàwé jáde, ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ ọmọdé fún wákàtí kan lónìí, kí n lè ráyè bínú dáadáa.

Bàbá mi ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà ní ìṣirò. Òun ló ra mọ́tò náà nígbà tí ó ń kàwé ní ìlú òyìnbó, tí ó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé. (Ẹ má sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń pe bàbá mi ní "ó". Èkìtì ni wá. Lójú rẹ̀, "sà" ni. Lẹ́yìn rẹ̀, "ó" ni.) Mọ́tò eré sísá ni, pupa fòò, ilẹ̀kùn méjì péré. Ó sún mọ́ ilẹ̀ débi pé ìyá mi máa ń sọ pé òun kì í wọ mọ́tò yẹn, ńṣe ni òun ń sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga.

Kò pẹ́ tí wọ́n kéde pé a ti di ìpínlẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ẹrù láti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí Adó, ni ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà kú lójú ọ̀nà. Omi ti gbẹ nínú rédíétọ̀, bàbá mi kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń ro ìṣirò. Ẹ́ńjìnnì náà ké gbà-gbà-gbà, ó dákẹ́. Wọ́n ní ó ti nọ́ọ̀kì, èyí ni pé inú rẹ̀ ti jẹ ara rẹ̀ tán, kò sí àtúnṣe mọ́ àfi kí a gbé òmíràn sí i. Wọ́n fa mọ́tò wálé, wọ́n fi tapólì bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, adìyẹ ìyá mi sì ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀.

Nígbà tó yá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì, tí wọ́n lé wa sílé. Mi ò ní parọ́ fún yín, n kò ṣí ìwé. Tapólì ni mo ń ṣí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi bá mi níbi tí mo jókòó sí nínú mọ́tò, ọwọ́ mi lórí sítíárìn, ẹyin mẹ́ta lórí itan mi.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ ẹ ni?"

Mo ní, "Mo fẹ́ ẹ, sà."

"Ó dáa. Bí ẹ́ńjìnnì mìíràn bá wọ inú rẹ̀, tí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú ọgbà yìí kí ẹ tó wọlé padà, tìrẹ ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo ti fún ọkùnrin Òde-Èkìtì yẹn."

Oníṣu ni ọkùnrin Òde-Èkìtì yẹn. Ó ti ń wá wo mọ́tò náà tipẹ́, á máa fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń yan ewúrẹ́ ọdún. Ó fẹ́ gé ẹ̀yìn rẹ̀ dànù kó lè máa fi kó iṣu. Ẹ gbọ́ mi o. Mọ́tò eré! Kó máa kó iṣu! Látọjọ́ náà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ yìí ń gbàdúrà kí ìyanṣẹ́lódì parí, tí èmi nìkan ń bẹ Ọlọ́run pé kó pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá mẹkáníìkì wa lábẹ́ igi máńgòrò tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Adó. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ pọ́nńbélé ni, kò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta, ó sì fẹ́ràn láti máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tẹ̀ lé mi wálé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀fun ọmọ.

Ó ní, "Ọmọ tíṣà, wá wò ó. Imú ẹ́ńjìnnì yìí kọjú síwájú, ìdí rẹ̀ kọ sẹ́yìn. Ṣó o rí ọ̀pá tó gba abẹ́ mọ́tò lọ yìí? Òun ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Òmíràn tí ẹ bá máa rà, inú mọ́tò tó ń fẹsẹ̀ ẹ̀yìn rìn ni kí wọ́n ti tú u. Ẹ má ra èyí tó ń dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ o! Ẹsẹ̀ iwájú nìyẹn ń yí."

Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ni yóò gbà.

"Uṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Bí o kò bá máa bi mí ní ìbéèrè, ọjọ́ méjì."

Ká ní èmi àti ọkùnrin yìí nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ ni, ìtàn yìí ì bá parí síbí, ẹ̀ bá sì ti máa lọ sílé yín. Ṣùgbọ́n ní ìdílé wa, ohun tó bá ti ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, ìpàdé la fi ń gbé e. Ilé tíṣà ni, ẹ̀gbọ́n tíṣà, àbúrò tíṣà. Bàbá mi ránṣẹ́ sí Bàbá Ìṣẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìṣẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Ìbàdàn, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, tó máa ń wálé lópin ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni wọ́n jókòó. Bàbá Ìṣẹ̀ di alága. Wọ́n ní ìwé kíkọ mi dára, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Inú mi dùn. Òmùgọ̀ ni mí.

Ìpàdé kìíní, ìtàn mọ́tò náà ni bàbá mi fi gbogbo rẹ̀ sọ, láti èbúté ìlú òyìnbó títí dé Èkó. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ ọ rí. Ìpàdé kejì, Bàbá Ìṣẹ̀ mú ètò jáde. Bí tíṣà ṣe ń kọ ètò ẹ̀kọ́ fún kíláàsì ló ṣe kọ ọ́: Orí Ọ̀rọ̀, Pípààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì, Àfojúsùn, Ohun Èlò, Ìgbésẹ̀ Kìíní dé Ìkeje, Ìgbéléwọ̀n. Ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí mẹkáníìkì nínú Ohun Èlò.

Ìpàdé kẹta ni ti wíwọ̀n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọnú bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú téèpù, orí kọlu orí. Wọ́n wọn gígùn, wọ́n wọn ìbú, wọ́n wọn gíga ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ohun tí bàbá mi rí yàtọ̀ sí ti Bàbá Ìṣẹ̀, ti Bọ̀dá Ìbàdàn sì tún yàtọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ìwé lè ṣe fún ọmọ èèyàn: wọ́n ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n pín in sí mẹ́ta. Ohun tó jáde ni wọ́n fún mi kọ sínú ìwé. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ ń lọ. Rédíò ti ń sọ pé ìjọba àti àwọn olùkọ́ ti jọ ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti ń ka ìròyìn, ìyà ni ó ń jẹ mí.

Ìpàdé kẹrin ni wọ́n fẹ́ rán Bọ̀dá Ìbàdàn níṣẹ́ kó lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó bá ìwọ̀n yẹn mu. Mo na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mẹkáníìkì ní kí a ṣọ́ra, pé ẹ́ńjìnnì tó bá ń dùbúlẹ̀…"

Bàbá Ìṣẹ̀ yọ awò ojú rẹ̀. "Akọ̀wé."

"Sà."

"Kí ni iṣẹ́ akọ̀wé?"

"Kó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ, sà."

"O ṣeun. Ó pé."

"Ṣùgbọ́n sà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni mọ́tò yìí fi ń…"

Bọ̀dá Ìbàdàn bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ọ? Bàbá abẹ́ máńgòrò yẹn? Ẹni tó ń feyín tú nọ́ọ̀tì?"

Bàbá mi wúkọ́. Ó ní, "Bóyá kí a pè é kó wá bá wa jókòó."

Bàbá Ìṣẹ̀ yíjú sí i. "Àbúrò, nígbà tí ò ń kọ́ ilé yìí, ṣé bíríkìlà jókòó nípàdé?"

Ìyá mi ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́: "Kò jókòó. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi fi ń gbá ààrò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá lọ. Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi kọ ọ́ pé: A ó fi tó mẹkáníìkì létí nígbà tí àkókò bá tó.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Bọ̀dá Ìbàdàn ń múra, ìwé ètò tí yóò mú dání lọ wà lórí tábìlì, bírò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni mo nílò láti fi kún un: inú mọ́tò tó ń fẹsẹ̀ ẹ̀yìn rìn ni kí ẹ ti tú u. Mo mú bírò. Àmọ́ nílé wa, kéèyàn fi ọ̀rọ̀ kún ìwé ìpàdé tí àwọn àgbà ti fọwọ́ sí, olè jíjà ló jọ. Mo gbé bírò sílẹ̀. Kò sí ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí títí dòní bíi bírò yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì dé, tí wọ́n fi àpò wé bí ọmọ tuntun. Ìyẹn ni ìpàdé karùn-ún, ìpàdé ọpẹ́ ni wọ́n pè é. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì. Ó yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ó fi ṣéènì gbé tuntun náà sókè. Ó wo ẹ́ńjìnnì, ó wo mọ́tò, ó wo èmi. Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wọlé o! Ó wọlé geere, kò gbá ọ̀tún, kò gbá òsì. Bàbá Ìṣẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ wá wo ohun tí à ń pè ní ìmọ̀.

Mẹkáníìkì nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó wọ̀ ọ́, Ọ̀gá. Ó kàn jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú lòun fẹ́ máa yí. Ẹ̀yìn ni mọ́tò yín sì fi ń rìn. Ó lè dún. Kò lè kúrò lójú kan."

Bàbá Ìṣẹ̀ ní, "Ṣé kò ṣeé yí padà ni?"

"Èwo sà? Ẹ́ńjìnnì àbí mọ́tò?"

Bọ̀dá Ìbàdàn bínú. "Kí ló dé tí o kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀?"

"Mo sọ fún ọmọ yín."

Ojú gbogbo wọn bá yí sọ́dọ̀ mi. Bàbá Ìṣẹ̀ ṣí ìwé ìpàdé, ó ń yẹ ojú ewé wò. "Akọ̀wé, kí ló dé tí o kò kọ ọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi dá a lóhùn, torí èmi kò tíì rí èsì títí dòní.

Wọ́n fi ìpàdé kẹfà sí ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A kò ṣe é. Ọjọ́rú ni rédíò kéde pé ìyanṣẹ́lódì ti parí. Wọ́n ń jó ní àdúgbò. Mò ń di ẹrù, mò ń sunkún. Bàbá mi kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyá mi ló sọ ìyókù fún mi nígbà tí mo wálé. Ó ní oníṣu Òde-Èkìtì kò pe ìpàdé kankan. Òun àti mẹkáníìkì jọ gun ọ̀kadà lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Mọ́tò náà dún, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú ọgbà, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wò ó. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìyá mi ti ń sọ ọ́, bàbá mi wà níbẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá ló gbójú sókè.

Ó ní, "Ó dún dáadáa o."

Ayé ti yí. Nígbà tiwa, gbogbo ẹbí là ń pè, àyàfi ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹ̀yin ìsinsìnyí kò pe ẹnikẹ́ni. Lóṣù tó kọjá, fọ́tò lórí fóònù ni mo ti rí i pé ọmọ mi tó wà l'Ékòó ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀. Ara mi gbóná. Mo pè é.

"Ta lo bá jíròrò kí o tó ṣe é?"

"Mọ́mì, mo wò ó lórí fóònù ni. Ó ti parí."

"Ẹsẹ̀ wo ló ń yí?"

"Há, Mọ́mì! Kí ló kàn yín pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń yí?"

Kò mọ̀. N kò sọ ìtàn yìí fún un rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ. Mo ní kó dákẹ́, kó gbé fóònù sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó tẹ iná fún un. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì náà dún. Mo gbọ́ ọ tán, mo ṣì tẹ fóònù mọ́ etí.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní kó tún un tẹ̀.