Àǹtí Nọ́ọ̀sì Lọ́jọ́ Ìsìnkú Ìyá Mi

Ohùn tí mo ń ṣàárò jù ní Bruma, nílẹ̀ òkèèrè tí mo gbé rí, ni ti Àǹtí Nọ́ọ̀sì, aládùúgbò wa tó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ bá a sọ Ìjẹ̀ṣà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ìyá mi ní Adó-Èkìtì, ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, n kò lè lọ. Mo ń wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, àmọ́ àwòrán ń dúró ṣáá. Mo gbé e, mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn Àǹtí Nọ́ọ̀sì.

“Eish, àbúrò mi, o ti ń kánjú jù.” Ó ṣí ètò inú ẹ̀rọ náà, ó fi kún àyè tí fídíò ń kó sí kó tó jáde. “Jẹ́ kó kó díẹ̀ jọ ná.”

A dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ geerege, àmọ́ ó fi ogún ìṣẹ́jú wà lẹ́yìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé.

Bí wọ́n ṣe ń gbé pósí jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì nínú fídíò náà, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, láti ilé. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ: wọ́n ti sin màmá tán.

Àǹtí fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù náà.

“Má tíì gbé e,” ló wí. “Lọ́dọ̀ tiwa níbí, wọn ò tíì sin wọ́n.”