Bàbá tí Kì í Kọjá Ṣíbí Kẹta

Bàbá náà gbé ṣíbí kẹta sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó nu ètè, ó sì fi ọmọrí dé abọ́ ìrẹsì tó ṣì ń rú èéfín.

"Gbé e padà fún ìyá rẹ. Bá mi kí i kú iṣẹ́. Ó dùn gan-an ni."

Ó dùn, ó sì ti tán nìyẹn. Ẹran wà níbẹ̀ o, ẹran tí wọn ò fún èmi tí mo gbé e wá. Yàrá ń rùn kẹrosíìnì àti káńfọ̀, òjò ń lu páànù lórí wa, ojú mi sì lẹ̀ mọ́ ẹran náà bí ojú ológbò.

Ẹ̀gbẹ́dá la wà nígbà náà, láyé àwọn sọ́jà, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tó kọjú síra. Bàbá wà ní yàrá ìkẹyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀. Ó ti ṣe kúkù fún ará Ṣáínà kan tó jẹ́ ọ̀gá níléeṣẹ́ aṣọ n'Íkẹjà, títí ọ̀gá náà fi padà sílùú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kò sẹ́ni tó ń wá a. Ìyá mi, ọmọ Èkìtì, kò lè rí àgbàlagbà tó ń dá gbé kó má bù ú lóúnjẹ. Abọ́ á lọ, abọ́ á padà, ṣíbí mẹ́ta péré ló máa yọ níbẹ̀.

"Ṣé májèlé ni mo fi sí i ni?" Ìyá mi á máa bínú.

Obìnrin tó wà ní yàrá kejì sí tiwa á dáhùn láti ìdí sítóòfù: "Jàre, ẹni tó ti bá ará Ṣáínà gbé! Ọ̀pọ̀lọ́ ni kí ẹ sè fún un, ẹ ó rí i bó ṣe máa lá abọ́."

Òjò ọjọ́ yẹn ló dá mi dúró tí mo fi bi í léèrè. Ẹnu mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà dòní. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá ń gé àlùbọ́sà, ọ̀gá òun á jókòó sí kíṣìnnì, á máa sọ ìtàn ọbabìnrin kan tó jẹ ní Ṣáínà láyé àtijọ́. Ẹ̀yà Máńṣù ni, àwọn tó gun ẹṣin ti àríwá wá gba adé. Bó bá fẹ́ jẹun, àwo tí wọ́n á tò síwájú rẹ̀ á lé ní ọgọ́rùn-ún: pẹ́pẹ́yẹ, ẹlẹ́dẹ̀, ẹja, olú. Wọ́n á ti fàdákà bọ oúnjẹ, torí wọ́n ní bí májèlé bá wà níbẹ̀, fàdákà á di dúdú. Ìránṣẹ́ á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Síbẹ̀, ọbabìnrin náà kò gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ kankan kọjá ṣíbí kẹta, kí ọ̀tá má baà mọ èyí tó fẹ́ràn.

"Ta ló wá ń bá a jẹun?"

"Kò sí. Ìdúró ni gbogbo ìránṣẹ́ ń wà. Ọba tiwa náà, ṣé o ti rí i níbi tó ti ń jẹun rí?"

"Ẹ̀yin náà lọ́tàá ni?"

Ó wo òjò. "Èmi? Ta ló rántí mi tó fi máa di ọ̀tá mi? Ìyàwó mi mọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn, ó sì kó o lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì tún mọ̀ ọ́n, kó tún lọ."

Ó ní ìtàn náà ṣì kù. Ogun wọ̀lú, ọbabìnrin náà wọ aṣọ tálákà, ó sá. Ebi pa á lójú ọ̀nà, àgbẹ̀ kan fún un ní àkàrà àgbàdo, ó jẹ ẹ́ tán, kò ka ṣíbí kankan. Nígbà tó padà sáàfin, ó ní kí wọ́n ṣe é fún òun. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí àwọn alásè gbé oúnjẹ tálákà fún ọba. Wọ́n fi ṣúgà kún un, wọ́n mọ ọ́n wínníwínní bí àtàǹpàkò. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Kì í ṣe eléyìí."

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá mi kan òrùlé ilé wa n'Ígàndó, wọ́n ní a máa kó lọ bí òjò bá dá. Láti ọjọ́ tí bàbá yàrá ìkẹyìn ti gbọ́, ṣíbí mẹ́ta di ẹyọ kan. Eegun ọrùn rẹ̀ yọ síta.

"Bàbá yìí á kú mọ́ wa lọ́wọ́ o," ìyá mi wí. "Bi í léèrè ohun tó wù ú." Mo bi í, kò sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ègbo àti ẹ̀wà ni wọ́n bù fún àwa ọmọdé. Mo gbé abọ́ mi tó ti fọ́ lẹ́nu sá fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bàbá. Bí àgbà bá bá ọmọ nídìí oúnjẹ, ọmọ gbọ́dọ̀ ní "ẹ wá jẹun," àgbà náà á sì ní "á gba ibi ire," á bá tiẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kì í wá ní tòótọ́. Mo fi ẹnu tó kún bámúbámú sọ ọ́: "Bàbá, ẹ wá jẹun."

Bàbá fọwọ́. Ó fa àpótí, ó jókòó tì mí. Òkèlè kan. Ìkejì. Ìkẹta. Nígbà tó nawọ́ sí ìkẹrin, mo pa ẹnu mi dé, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. A jọ ha ìdí abọ́ ni.

Mo sáré bá ìyá mi. "Ègbo ni o!"

"Ègbo? Ẹni tó ń se oúnjẹ fún òyìnbó? Má pa irọ́ mọ́ àgbà."

Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì, ó se ègbo tí ẹnikẹ́ni ò tíì sè rí: ata díńdín, ẹja gbígbẹ, àwo tánńganran olódòdó. Bàbá jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó fi ọmọrí dé e. "Bá mi kí i kú iṣẹ́."

Ìyá mi káwọ́ lérí. Èmi rẹ́rìn-ín, torí mo ti gbọ́ ìtàn náà. Mo gbé abọ́ mi tó fọ́ lẹ́nu, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ wá jẹun." Ó wá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe títí ẹran fi padà sára rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a ń kó lọ, mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ lórí pákó ní yàrá bàbá, kà-kà-kà, òórùn àlùbọ́sà nínú epo gbígbóná gba gbogbo ilé. A ò rí i kó dáná irú bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé ìrẹsì tó fi ẹyin dín jáde. "Wá jẹun," ó ní.

Mo jókòó tì í. Ṣíbí kẹta ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí bàbá mi fà mí lápá: "Ọkọ̀ ń lọ!" Mo bojú wẹ̀yìn látorí ẹrù. Ó ṣì gbé abọ́ náà dání, kò fi ọmọrí dé e.

Nígbà tí a padà wá kí i, ẹlòmíì ló wà ní yàrá yẹn. Wọ́n ní ẹbí kan ló wá mú un lọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìlú wo.

Abọ́ ni mò ń tà ní Ṣáṣà báyìí. Bí mo bá ṣí oúnjẹ mi lọ́sàn-án, mo máa ń pe àwọn tó ń kọjá tagbára-tagbára: "Ẹ wá jẹun o!" Wọ́n á ní "á gba ibi ire, Ìyá Alábọ́," wọ́n á kọjá. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà nítòsí mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bí ẹnì kan bá wá lóòótọ́ ńkọ́?"

Òun ò mọ̀. Kí n tó pè, mo ti sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.