Iná Pupa Tó Tàn Láìsí Gílóòbù

Mẹ́rin. Gílóòbù mẹ́rin ni wọ́n yọ kúrò lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù bọ́ọ̀sì tó pa Ọ̀gá Délé, awakọ̀ wa, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí afárá Ọ̀wẹ̀nà. Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ iye yìí. Èmi gan-an wà lára àwọn tó fi í pamọ́, nítorí èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó wádìí ikú náà.

Ẹ sún mọ́ mi kí n sọ ọ́. Olùkọ́ yunifásítì ni mí ní Àkúrẹ́. Oǹdó ni mò ń gbé, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń gbé mi lọ sẹ́nu iṣẹ́. N kì í gba ìtàn òkú tó ń rìn gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí, ojú mi ló rí i.

Réwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ wa ṣe jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Bí iná ìkìlọ̀ kan bá tàn tí kò kú mọ́, ti bíréèkì pàápàá, àwọn òṣìṣẹ́ tó jókòó níwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọ̀gá tó ń darí ọkọ̀ á wá pàṣẹ pé: "Yọ gílóòbù rẹ̀, kí etí wa sinmi." Ó parí. Wọn kò tún bíréèkì ṣe. Ojú tó ń ṣọ́ bíréèkì ni wọ́n fọ́.

Kí la kọ sínú ìwé? A kọ ọ́ pé ogbó ló pa àwọn gílóòbù náà, àti pé eré àsápajúdé ló pa Ọ̀gá Délé. Irọ́ ni! Gílóòbù inú dáṣíbọọ̀dù, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, a máa bá ọkọ̀ dàgbà. Èyí tó wà fún ìkìlọ̀ tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n láti tàn. Kí ni yóò mú un gbó? Mo mọ èyí, mo sì buwọ́ lù ú. Nílé ìwé, "ọmọ asápajúdé" ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ báyìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú ọyẹ́, mo jókòó níwájú bọ́ọ̀sì yẹn kan náà, tí wọ́n ti tún ara rẹ̀ ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Tóyìn, awakọ̀ tó rọ́pò olóògbé.

"Bàbá, iná kankan ò tàn nígbà tẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ìwé kíkà yín ti pọ̀ jù. Dáṣíbọọ̀dù náà lẹ tún fẹ́ kà? Wọ́n ti yọ àwọn gílóòbù rẹ̀."

Ìdérí rẹ̀ kò ní ìdè mọ́. Ó gbé e sókè, mo fi ìka kan àwọn ihò tí gílóòbù ń wà. Òfìfo ni wọ́n. A gbéra.

Kùrukùru bo ọ̀nà bí a ṣe ń sún mọ́ Ọ̀wẹ̀nà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti sùn lọ. Dáṣíbọọ̀dù ṣókùnkùn bí inú àgbá.

Iná pupa tàn.

Ẹ gbà mí gbọ́, inú ihò tí mo fi ìka kàn ló ti tàn. Kò ju ẹyinná kan lọ, ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀ sára gíláàsì aago tó ń ka eré, ojú ènìyàn sì wà nínú gíláàsì náà, láàárín ojú tèmi àti ti Bàbá Tóyìn. Mo mọ fìlà yẹn. Mo mọ àpá tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

Àyè àárín wa ṣófo. Síbẹ̀ mo gbọ́ ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ létí mi: "Dókítà, ẹ ò kọ ọ́."

"Ta ló sọ̀rọ̀?" Bàbá Tóyìn rọra bi mí. "Ẹ má dá a lóhùn o."

Ó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Jíà ló fi dá ọkọ̀ náà dúró sínú koríko, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn kan náà.

Iná kú. A gbé ìdérí sókè: kò sí gílóòbù kankan, ṣùgbọ́n ihò náà jó mi níka.

"Délé, àbúrò mi, o ṣeun," ni Bàbá Tóyìn wí. Ó ń sunkún.

N kò mọ ohun tó tàn níbẹ̀ títí di òní. Wọ́n ti tún bíréèkì náà ṣe. Àwọn ihò ṣì ṣófo, mo lọ wò wọ́n láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin tó ń wọ bọ́ọ̀sì wa, ẹ máa ṣọ́ dáṣíbọọ̀dù bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́: gbogbo iná ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn kí wọ́n tó kú. Bí ẹyọ kan bá kọ̀ tí kò tàn, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo ti fa ìbuwọ́lùwé mi yọ. Ẹ dá gílóòbù padà sínú gbogbo ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìyàwó Ọ̀gá Délé àti àwọn ọmọ rẹ̀ síwájú gbogbo òṣìṣẹ́, kí a sì sọ fún wọn pé àwa la pa á.