Ilẹ̀ Kasinda Lẹ́yìn Òkúta Funfun

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kwanza ni Kasinda jẹ mí, owó irúgbìn àgbàdo àti àpò ajílẹ̀ kan. Èmi kì í tà láwìn, gbogbo abúlé wa ló mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, tó ní, "Bàbá Sapalo, wọ́n ti dá ilẹ̀ mi padà fún mi," n kò lè sọ pé rárá.

Nígbà tí ogun ku díẹ̀ kó parí ni bọ́ǹbù inú ilẹ̀ gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, níbi tó ti ń wa ẹ̀gẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ nínú oko rẹ̀ létí odò. Ẹsẹ̀ ike ló fi ń rìn. Fún ọdún mẹ́rìnlá, kò sẹ́ni tó dá oko etídò náà. Mo ti ṣírò rẹ̀: àpò àgbàdo mẹ́fà lọ́dún, àpò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló ṣòfò. Aṣọ àlòkù tó ń tún rán ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ yẹn ni n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò.

Oṣù mẹ́jọ ni àwọn tó ń hú bọ́ǹbù fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n kó òkúta pupa tó ń sọ pé bọ́ǹbù wà kúrò, wọ́n to funfun, wọ́n ní bọ́ǹbù ti tán. Kasinda pọn ọtí àgbàdo, ó bẹ gbogbo abúlé lọ́wẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá mu ọtí ẹni, á bá a roko. A gbé ọkọ́ wá. A mu ọtí. Nígbà tí a dé ibi òkúta funfun, gbogbo wa dúró. Bẹ́ẹ̀ òjò ti bẹ̀rẹ̀. Bí irúgbìn kò bá wọlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ọdún náà ti lọ nìyẹn.

"Kapitango, igbá mẹ́ta lo mu," Kasinda sọ fún aládùúgbò rẹ̀. "Ọkọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ọtí yín dùn, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi náà wù mí."

A bú sẹ́rìn-ín. Kasinda kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọkọ́, ó kọjá òkúta.

"Ẹ máa wò mí nígbà náà. Èyí tí mo ń nà síwájú yìí, ike ni. Bó bá fò lọ, wọ́n á ṣe òmíràn."

Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó ń lọ.

Mo ro owó mi. Lẹ́yìn náà mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, bó ṣe kéré tó láàárín ilẹ̀ yẹn, owó náà sì kúrò lọ́kàn mi. Mo tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń rìn nígbà ogun ni mo rìn, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni mo ń tẹ̀: ẹsẹ̀ kan, bàtà kan, ihò ọ̀pá.

Ó bojú wẹ̀yìn. "Bàbá, kí lẹ ń ṣe bí adìẹ inú ẹrẹ̀? Ẹ ya ẹsẹ̀ yín. Ilẹ̀ náà fẹ̀."

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi lé orí koríko. Ó tutù. Kò sí nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í roko.

"Ìyá arúgbó yìí fẹ́ pa mí," Kapitango ń kùn lẹ́yìn wa. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ìró ọkọ́ rẹ̀.

Àpò méje ni Kasinda kó nígbà ìkórè. Ó ní kí wọ́n gbé méjì wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, òun náà sì bá wọn wá.

"Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa o. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ti òṣùwọ̀n."

Mo wọ̀n ọ́n. Ó pé géérégé. Mo fa ìlà gba orí orúkọ rẹ̀ kọjá nínú ìwé gbèsè mi. Mo jáde láti wò ó bó ṣe ń lọ. Kò gba ọ̀nà tóóró tí gbogbo wa máa ń gbà nítorí bọ́ǹbù. Àárín oko rẹ̀ ló gbà lọ sílé.