Omi Tí Àzízì Kò Mu

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Kambolé sí Tchamba, tó sì mọ bí zémì, alùpùpù akérò, ṣe ń gbọn ènìyàn níbẹ̀, á mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni mò ń pa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé àbúrò mi Àzízì gba ọ̀nà náà lọ sí Sokodé lọ́dún yìí, èmi opó tó yẹ kí n jókòó ti àgbàdo mi lọ́jà.

Iṣu ni Àzízì ń gbìn, òun sì tún ni ládàánì mọ́sáláàṣì àdúgbò wa. Òkúta ló dí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti inú kídìnrín rẹ̀ ọ̀tún bọ̀ sínú àpò ìtọ̀. Ní Sokodé, dókítà ki ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ibẹ̀ kí ìtọ̀ lè máa kọjá. Sọ́ǹdì ni wọ́n ń pè é. Ó ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí a padà wá yọ ọ́. Ó ní ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́, ó lè máa kán sí i lára, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè hàn, kó má fòyà. Ṣùgbọ́n kó máa mu omi gan-an, torí bí omi bá kéré, iyọ̀ inú ìtọ̀ á dì mọ́ sọ́ǹdì, á sì di òkúta. Mo gbọ́, Àzízì náà gbọ́.

Láràárọ̀ ni mo ń rọ omi kún ike lítà méjì fún un lọ sóko. Bó bá dé, ike á ti ṣófo, inú mi á dùn. Mi ò mọ̀ pé àwọn tó ń bá a kọ ebè ló ń fún. Ìtọ̀ ń kán sí i lára, ládàánì kì í sì í kúrò ní mọ́sáláàṣì láti ìgbà tó bá ti pe ìrun títí wọn á fi kí i tán. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kán kan ti ba àlùwàlá jẹ́. Ló bá mú ẹnu kúrò lára omi.

Oṣù kejì ń parí lọ nígbà tí ibà mú un, tó ń gbọ̀n, tí ẹ̀yìn ń ro ó bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ odó gún. Mo tún gbé e lọ. Dókítà ya fọ́tò inú rẹ̀, ó fi hàn mí: orí sọ́ǹdì lókè ti di òkúta. Ó fà á, kò wá. Ó gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méje títí ibà fi lọ, ó ní kí a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fọ́ òkúta náà kí wọ́n sì yọ sọ́ǹdì. Kídìnrín náà ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó ní, ṣùgbọ́n bí Àzízì kò bá mu omi títí a ó fi padà, ó lè má ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé.

A délé, kò mu. Mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú,” ó ní. “Ta ni màá sọ fún pé ládàánì ń tọ̀ sára?”

Mo ní kó bi lèmọ́ọ̀mù, abéèrè kì í ṣìnà. Ó ní ojú ń ti òun. Láti kékeré ló ti lágídí.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Àdìgún wá kí i. Ẹ̀gbẹ́ Àzízì ni wọ́n máa ń dúró sí ní ìlà iwájú bí a bá ń kírun ní mọ́sáláàṣì. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, n ò lè bo àṣírí mọ́, mo tú gbogbo rẹ̀ síwájú wọn. Àzízì kọjú sí ògiri.

Bàbá jókòó tì í. “Èmi náà ń tọ̀ sára,” wọ́n ní. “Ó di ọdún mẹ́rin. Lèmọ́ọ̀mù ní bí àsìkò bá ti wọlé, kí n fọ̀ ọ́ nù, kí n di aṣọ mọ́ ọn, kí n ṣe àlùwàlá, kí n kí ìrun mi. Èyí tó bá kán lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run ò ní bi mí.”

Àzízì yíjú padà. “Ọdún mẹ́rin, Bàbá? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?”

“Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.”

Ó ní kí n fún òun lómi. Ó mu ún títí ó fi ń dà sí i láyà. Inú mi dùn, inú sì bí mi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, fún oṣù méjì, ni èjìká àwọn méjèèjì fi ń kan ara wọn, ọ̀kan ń kú lọ, èkejì mọ ohun tí ì bá gbà á, kò sì sẹ́ni tó la ẹnu nínú wọn.