Àtẹ́wọ́ Tó Ń Pẹ́ Dé

Èéfín ẹja tí Ladi ará Nupe ń yan lẹ́yìnkùlé wa ní Natako ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Á gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀, á rọra bà lé aṣọ funfun tí Bísí ìyàwó mi fi ń bo kíbọ́ọ̀dù mi. Bí mo bá ṣí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin á ní ebi ń pa àwọn.

Ìwọ náà mọ irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. O tẹ bọ́tìnnì kan, ìlù á bẹ̀rẹ̀, gìtá á tẹ̀lé e, bí ẹni pé èèyàn ń gbé inú rẹ̀. Àmọ́ ìlù òyìnbó ló pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fi ìlù orin ọrẹ tiwa kún un, ọwọ́ mi ò mọ àtẹ́wọ́ àwọn obìnrin Yàgbà í pa. Bísí ló jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó ń fi ìka kan tẹ àtẹ́wọ́ náà lórí kíbọ́ọ̀dù, tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ sì ń gbà á sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí Bísí kú tí a sin ín, ìka mi le, Kẹ́mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lokongoma sì gba ipò mi nídìí kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé kọ̀ǹpútà wá sílé mi lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ bo òkè Patti mọ́lẹ̀, kó lè sọ àwọn ìlù náà di tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ ní ìlù ayé Nóà là ń jó.

“Okun o, Bàbá,” ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ní Yàgbà. “Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ.” Ó gbọ́ ọ, ó mi orí. “Báàsì yìí mà dàgbà jù yín lọ.”

“Ìwọ náà ń bọ̀ wá dàgbà,” mo ní.

Ó fi báàsì tuntun sí i, ó pààrọ̀ ìlù. N ò ní parọ́, ó dùn. Lẹ́yìn náà ló wá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

“Bàbá, àtẹ́wọ́ yìí ń pẹ́ dé o, gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tò ó kó bá ìlù dọ́gba, kò ní pẹ́.”

N ò gba ohùn Bísí sílẹ̀ rí. Ohun tó kù tó ṣì ń rìn láti ọwọ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, bí wọ́n bá sì tò ó, á di ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

“Bísí nìyẹn,” mo wí. “Bó ṣe ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn.”

Kẹ́mi yíjú sí mi. “Màmá tó máa ń jó kẹ́yìn bí a bá ń lọ fi ọrẹ sápótí?”

“Òun ni.”

Ó mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dún pọ̀: ìlù tuntun ń lọ níwájú, àtẹ́wọ́ Bísí ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe máa ń rìn. Ẹsẹ̀ mi yá ju tirẹ̀ lọ. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn lójú ọ̀nà, á ní, “Máa lọ, mò ń bọ̀.”

Ní báyìí, òun ló ti lọ síwájú. Bí ìlù ọrẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń dijú lórí àga mi, màá gbọ́ ọwọ́ rẹ̀, màá sì pa tèmi tẹ̀lé e. Tèmi a máa pẹ́ díẹ̀. Màá wá sọ ọ́ sábẹ́ ahọ́n pé, “Máa lọ, mò ń bọ̀.”