Epo Jíà Tí Ìyàwó Mi Jókòó Lé

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní láyé mi ń yí jíà fúnra rẹ̀. Yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Ìbàdàn wá sí Ifẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ òyìnbó kan tó ń kọ́ni níbẹ̀ ni mo sì ti rà á nígbà tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ náà ti rìn títí, òǹkà máìlì rẹ̀ ti dákẹ́ síbi tó dákẹ́ sí. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń nù ún láàárọ̀ kí n tó bọ́jú tèmi.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bó ṣe wù ú. Tí a bá ń gun òkè, yóò máa ké hòò lójú kan, kò ní lọ. Ó di ìgbà tó bá tó, yóò ta gìrì, yóò sì gbọ̀n wá síwájú. Oyún ìyàwó mi ti lé lóṣù mẹ́jọ, oyún àkọ́kọ́ ni. Agbẹ̀bí ti sọ fún wa pé ìdí ni ọmọ náà kọ sísàlẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbìyànjú àtigbẹ̀bí rẹ̀ nílé. Tó bá ti ń rọbí, ká sáré gbé e lọ sí ọsibítù ni. Kò sí ọkọ̀ mìíràn ní agbo ilé wa ní Ìrẹmọ, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an.

Òyìnbó náà fi ìwé kékeré kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìwé yìí ní bí ọkọ̀ bá ti ń ṣe báyìí, kí á pààrọ̀ epo tó wà nínú jíà rẹ̀. Orúkọ gígùn kan ni wọ́n pe epo náà. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sí epo jíà. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta epo ọkọ̀ ní Ẹnuwá, mo ní kí wọ́n fún mi ní epo jíà, wọ́n sì gbé agolo ńlá kan fún mi. A kò jìyàn rárá.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbé iwájú ọkọ̀ sórí ìtí igi méjì, mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo sì tú nọ́ọ̀tì tó wà nídìí jíà. Epo dúdú dà sínú abọ́ ìfọṣọ ìyàwó mi. Ìyàwó mi fi ìgò kẹrosíìnì wọn epo náà, ó ní iye tó jáde ni yóò padà wọlé. Télọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdí epo pupa ni ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà ní Ẹdẹ. Bó bá fi ìka méjì ra epo, yóò sọ fún ọ bóyá wọ́n lú u.

Bí mo ṣe ṣí agolo tí mo rà, ó ti ìka bọ̀ ọ́.

"Tíṣà, ẹ dúró ná. Epo wo lèyí?"

"Epo jíà ni. Kí ló tún dé?"

"Epo tó bá jóná a máa ki sí i ni. Èyí tó jáde ti jóná, ó ṣì ń ṣàn bí omi. Báwo ni tuntun rẹ̀ ṣe wá ki bí oyin?"

Ó kán epo àtijọ́ náà sórí àjákù aṣọ funfun. Àárín rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ràn lọ, etí rẹ̀ ń pọ́n. Ó ní, "Ẹ wò ó, pupa lepo yìí nígbà tó wà ní tuntun."

Inú tèmi máa ń tètè ru. Mo bi í bóyá Ẹdẹ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì báyìí. Mo ní kó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Ó dé agolo náà, ó gbé e síbi ògiri, ó sì rọra jókòó lé e tòun ti oyún.

"Tíṣà, ẹ ó kọ́kọ́ gbé mi dìde."

Ìyá mi jáde, ó wò wá, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé yóò gbè mí. Ó ní, "Ìyàwó, má dìde o."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ sí àdúgbò Mayfair, mo ń kùn lọ, àjákù aṣọ yẹn sì wà lápò mi. Mẹkáníìkì kan wà níbẹ̀ tó ń tún ọkọ̀ àwọn òyìnbó ṣe. Ó wo aṣọ náà, ó wò mí.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ìyàwó mi ni. Epo jíà ni mo rà, ó ní kò bá a mu."

"Ọkọ̀ tí a ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀ ló ni epo jíà. Ká ní ẹ dà á sínú èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ ni, ẹ̀yin àti jíà ti pín gààrí. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín."

Epo tó fún mi pupa fòò, ó sì ń ṣàn bí omi. Ojú tì mí débi pé, bí mo ṣe délé, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì náà fún ìyàwó mi láìyọ kan kúrò, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó kàn na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde ni. Òun ló di àrọ mú, tó ń ka ìgò, tó ní kí n dúró, kí n dà á díẹ̀díẹ̀, kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kí n tún fi ọ̀pá tí a fi ń wọn epo wò ó. Títí dòní, n kò tíì rí ẹni tó fara balẹ̀ tó ìyàwó mi.

Lọ́jọ́ karùn-ún, lọ́sàn-án gangan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ìyá mi dì í mú lórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀, a forí lé ọsibítù. Nígbà tí a kan òkè, ìyàwó mi ké, ó sì fún èjìká mi bí ẹni fẹ́ fà á ya. Lẹ́yìn náà ó mí, ó ní, "Tíṣà, ó ti yí jíà. Kò gbọ̀n rárá. Ẹ gbọ́ ọ?"

Mo ní mo gbọ́ ọ. Irọ́ ni mo pa. N kò gbọ́ nǹkan kan lórí òkè yẹn, àfi ohùn ìyàwó mi.